Bí A Ṣe Ń Mú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Eré Ìje Gbóná Kó Tó Sáré

Ẹni tó bá ń gbé Abẹ́òkúta lè rò pé kò sídìí láti máa mú ẹ́ńjìnnì gbóná. Oòrùn ọ̀sán ní Lafẹ́nwá lè mú kí bọ́nẹ́ẹ̀tì jó èèyàn lọ́wọ́, ọ̀dà títì sì ń rú ooru láti Kútọ̀ títí dé Pánsẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n ooru ìlú kọ́ ni ooru ẹ́ńjìnnì. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná tó 33°C, òtútù gidi ni fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ́ìlì rẹ̀ bá wà láàárín 90°C sí 110°C. Nígbà ọyẹ́, tí ìdájí bá tutù dé nǹkan bí 20°C, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i.

Ọ́ìlì ni kí ẹ máa dúró dè. Ẹ má dúró de omi, ẹ má sì dúró de aago. Gáàjì omi máa ń gòkè kíákíá torí pé omi tó wà nínú bọ́lọ́ọ̀kù kò pọ̀, tẹmositáàtì sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn kó má lọ sí rẹdiétọ̀. Kí omi tó dé 80°C lè má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní àkókò yẹn, ọ́ìlì lè má tíì kọjá 50°C. Àárín ibẹ̀ gan-an ni bẹ́ríǹgì, irin tó gbé ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì dúró, ti ń jẹ, torí awakọ̀ ti rí gáàjì omi, ó ti gbà pé iṣẹ́ parí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tó tutù

Ọ́ìlì tó tutù máa ń ki, bí epo pupa ṣe máa ń sùn sínú kẹ́ẹ̀gì nígbà ọyẹ́. Ẹ wo irú ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní 20W-50, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò: ní 40°C, ó ki tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án bó ṣe máa rí ní 100°C. Nọ́ńbà 50 yẹn ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ló ń sọ bó ṣe máa ṣe nínú òtútù. Àyè tó wà láàárín kráńkì, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, àti bẹ́ríǹgì kò ju nǹkan bí 0.05 mm lọ. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbà wọlé.

Gáàjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì, ìyẹn bí pọ́ọ̀ǹpù ṣe ń tì í tó, máa ń tan èèyàn jẹ ní àárọ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ rí 80 tàbí 90 psi (ìwọ̀n agbára ọ́ìlì), inú yín dùn. Agbára tí ẹ rí yẹn kò sọ pé ọ́ìlì ń ṣàn dáadáa. Nítorí pé ọ́ìlì ki, fáàfù tó wà lára pọ́ọ̀ǹpù ti ṣí, ó ń dá púpọ̀ nínú ọ́ìlì náà padà sínú sọ́m̀pù, àwo ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, láìjẹ́ pé ó dé ibi iṣẹ́. Fáàfù mìíràn tún wà nínú fílítà. Tí ọ́ìlì bá ki débi pé kò lè gba inú bébà fílítà kọjá, fáàfù yẹn á ṣí kí ẹ́ńjìnnì má baà wà láìní ọ́ìlì. Ọ́ìlì tí fílítà kò sẹ́ ló wá ń lọ bá bẹ́ríǹgì. Ẹni tó bá rẹ́ẹ̀sì ẹ́ńjìnnì tútù dé 5,000 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí po ní ìṣẹ́jú kan) ń fi ìdọ̀tí fọ bẹ́ríǹgì rẹ̀ ni.

Pístìn, èyí tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, náà ní tirẹ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, bí ooru bá sì kàn án, ó máa ń wú tó ìlọ́po méjì irin bọ́lọ́ọ̀kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Fún pístìn lásán tó jẹ́ 86 mm, àyè náà lè jẹ́ 0.03 sí 0.05 mm. Fún pístìn tí wọ́n lù (forged), irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì eré ìje, ó lè tó 0.08 sí 0.10 mm. Nítorí èyí, nígbà tó bá tutù, pístìn á máa mì nínú sílíńdà, ẹ ó gbọ́ ariwo kékeré, kọ-kọ-kọ. Tí ọ́ìlì bá dé 80°C tí ariwo náà lọ, kò sí wàhálà. Tó bá gbóná tán tí ariwo ṣì wà níbẹ̀, ẹ pa á, kí ẹ wá ibi tó ti ń bọ̀.

Epo pẹtiróòlù tún wà níbẹ̀. Tí bírénì-bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bá mọ̀ pé omi tutù, ó máa ń fi epo kún epo kí iná lè mú. Èyí tí kò di afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ á máa ṣàn lára ògiri sílíńdà, á fọ ọ́ìlì kúrò níbẹ̀, yóò sì jò gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì lọ sínú sọ́m̀pù. Ìyẹn ló fà á tí kò fi dára kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí 800 RPM fún ìdajì wákàtí. Kò ní gbóná, plọ́ọ̀gì á dúdú, ọ́ìlì á sì bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyẹn ni sùúrù. Ẹ́ńjìnnì nílò iṣẹ́ díẹ̀ kó tó lè gbóná.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́

Gáàjì méjì ni kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ eré ìje: èyí tó ń wọn ooru ọ́ìlì, àti èyí tó ń wọn agbára ọ́ìlì pẹ̀lú nọ́ńbà. Iná pupa tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tókúnbọ̀ kò tó. Iná yẹn kì í sábà tàn àfìgbà tí agbára ọ́ìlì bá já wálẹ̀ dé nǹkan bí 5 psi. Lórí 6,000 RPM, kí iná tó tàn, bẹ́ríǹgì ti lọ. Tí ẹ kò bá ní owó fún gbogbo gáàjì tí ẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ ra méjì yìí kí ẹ tó ra ríìmù tuntun.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín ọkọ̀ ní gáàsì kan tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbóòórùn rẹ̀, tó sì ń pa èèyàn nínú gáráàjì tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ sì ro ti aládùúgbò. Ọkọ̀ tí kò ní sàìléǹsà tó péye máa jí ọmọ jòjòló sókè ní òpópónà mẹ́ta, torí náà ẹ gbé e lọ sí pápá tí ẹ ti máa sáré, kí ẹ ṣe é níbẹ̀.

Ẹ wo ọ́ìlì. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé inú sọ́m̀pù lábẹ́, ẹ wò ó nígbà tó tutù, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ilẹ̀ tó tẹ́jú kì í fi bẹ́ẹ̀ rọrùn rí láàárín àpáta Abẹ́òkúta, ẹ má sì gbójú fò ó: ọkọ̀ tó forí kọ òkè máa parọ́ lórí ọ̀pá ìwọn. Tó bá jẹ́ èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú tánkì ọ̀tọ̀, nígbà tó bá gbóná tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ọ́ìlì irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè ti sẹ̀ padà sínú bọ́lọ́ọ̀kù lálẹ́. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní tútù, ẹ ó rò pé kò tó, ẹ ó dà á kún, ó sì máa tú jáde.

Ẹ wo omi rẹdiétọ̀. Omi kànga ní èròjà inú àpáta tó ń lẹ̀ mọ́ inú rẹdiétọ̀ tí kì í sì í jẹ́ kí ooru jáde, torí náà omi tí kò ní irú èròjà bẹ́ẹ̀ (distilled water) tàbí kúláǹtì ni kí ẹ lò. Ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ kò há síbẹ̀. Tí sẹ́nsọ̀ omi bá wà nínú afẹ́fẹ́, ó lè máa sọ pé 60°C ni nígbà tí sílíńdà héèdì ti ń jóná.

Eruku pupa àti eruku ọyẹ́ máa ń jẹ ríǹgì àti sílíńdà. Ẹ má yọ fílítà afẹ́fẹ́ nítorí pé ẹ kàn fẹ́ mú ẹ́ńjìnnì gbóná.

Tí ọkọ̀ bá ti wà nílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ kọ́kọ́ fi ọ́ìlì kún inú ọ̀nà rẹ̀ láìtan iná. Ẹ yọ fíúsì pọ́ọ̀ǹpù epo, ẹ yọ ẹnu wáyà kọ́ìlì, ẹ sì yọ àwọn plọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì lè yí wẹ́rẹ́. Ẹ wá fi sítátà yí i fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ tún un ṣe, títí gáàjì á fi fi nǹkan bí 20 psi hàn. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítátà á jóná. Lẹ́yìn náà ẹ dá gbogbo nǹkan padà sáyè wọn.

Tí ẹ bá ní agbára, ẹ lè mú ọ́ìlì gbóná ṣáájú. Páàdì iná mànàmáná wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ tánkì ọ́ìlì, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì lè gbé e tí kò bá sí iná. Ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀díẹ̀ kí ibi tó kàn páàdì má baà jó. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Formula 1 kì í tilẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì wọn ní tútù rárá: wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí omi gbígbóná àti ọ́ìlì gbígbóná káàkiri inú rẹ̀, torí pé àyè inú ẹ́ńjìnnì yẹn fún débi pé kò yẹ kó yí ní tútù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tan án, ẹ wo gáàjì agbára ọ́ìlì nìkan

Ẹ má tẹ tọ́rọ́tù, ìyẹn ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Ẹ jẹ́ kó tàn fúnra rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, gáàjì gbọ́dọ̀ ti gòkè. Tó bá dé márùn-ún tí kò sí nǹkan, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wò ó díẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: 1,500 RPM, lẹ́yìn náà 2,000 sí 2,500

Fún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ di ẹ́ńjìnnì mú sórí 1,500 sí 1,800 RPM. Ìwọ̀nyí ga ju sílò ọkọ̀ ilé lọ, ìyẹn bó ṣe ń yí nígbà tí ẹnì kankan kò tẹ tọ́rọ́tù, ìdí sì wà fún un. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tí kráńkì ń ta káàkiri ló ń dé ara ògiri sílíńdà; nínú àwọn kan, òun náà ló ń dé orí kámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Tí kráńkì bá ń yí jẹ́jẹ́ jù, kò ní ta á débẹ̀. Kámù eré ìje tí fáàfù rẹ̀ ń ṣí pẹ́ kì í sì í fẹ́ 800 RPM náà, á máa gbọ̀n, epo tí kò jóná á sì máa pọ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú náà, ẹ gbé e lọ sí 2,000 sí 2,500, kí ẹ máa yí i padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ibẹ̀, títí ọ́ìlì á fi dé 60°C. Ẹ má rẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó yí ọkọ̀ ká máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní sùúrù, ohùn náà ṣì ń bọ̀. Ìdùnnú wọn kò tó owó tí ẹ ó fi ra kráńkì.

Ní àkókò yìí, ẹ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò fún ọ́ìlì, omi tàbí epo tó ń jò. Ẹ fọwọ́ kan họ́òsì òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹdiétọ̀, ẹ jìnnà sí fáànù. Ti ìsàlẹ̀ á tutù títí tẹmositáàtì á fi ṣí, ní 82°C tàbí 88°C gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó máa gbóná. Tí gáàjì bá fi 100°C hàn tí ti ìsàlẹ̀ ṣì tutù, tẹmositáàtì ti kú, tàbí afẹ́fẹ́ há síbẹ̀, tàbí pọ́ọ̀ǹpù omi kò ṣiṣẹ́. Ẹ pa á, ẹ má sì ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ nígbà tó gbóná.

Ọkọ̀ tó ní kúlà ọ́ìlì máa ń pẹ́ kó tó gbóná, torí ọ́ìlì ń tutù padà níbẹ̀ kó tó gbóná tán. Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí ẹ fi tẹmositáàtì ọ́ìlì sí i, èyí tó ń ṣí ní nǹkan bí 80°C. Tí kò bá sí, ẹ fi páálí bo iwájú kúlà náà. Kí ẹ má baà gbàgbé páálí yẹn níbẹ̀, ẹ so ribọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn, kí ẹ so ìkejì mọ́ sìtíá. Ribọ́ọ̀nù sìtíá kò gbọ́dọ̀ kúrò àfìgbà tí ẹni kan bá ti mú páálí wá. Páálí tí wọ́n gbàgbé síwájú kúlà nígbà eré lè pa ẹ́ńjìnnì kíákíá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iṣẹ́ díẹ̀

Nígbà tí ọ́ìlì bá dé 60°C, ẹ lè gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan. Ní ìdúró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í tètè gòkè kọjá ibẹ̀, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì àti ti ìdí ọkọ̀ kò sì tíì gbóná rárá, torí kò sí ohun tó ń yí wọn. Ẹ fi gíà kejì àti ìkẹta rìn. Ẹ má kọjá ìdajì RPM tí ẹ́ńjìnnì lè dé, ẹ má sì tẹ tọ́rọ́tù ju ìdajì lọ. Fún ẹ́ńjìnnì tó ń dé 8,000, kí 4,000 jẹ́ òpin yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni. Ẹ máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ kí òun àti táyà náà lè gbóná.

Inú pápá ni kí ẹ ti ṣe é. Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù, tàbí ti Ìbàdàn, kì í ṣe ibi tí a ti ń dán ọkọ̀ eré ìje wò. Ọlọ́kadà àti ọmọ iléèwé ló wà lójú ọ̀nà yẹn.

Ní 70°C, ẹ lè lọ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nígbà tó bá di 80°C tí omi náà sì dúró sójú kan, ẹ lè tẹ ẹ́ dópin. Fún eré tí wọ́n ń sá lọ tààrà, níbi tí kò sí àyè láti yí ọkọ̀ ká, ẹ di 2,500 mú títí ọ́ìlì á fi dé 70°C ó kéré tán. Ẹ má gbé ọkọ̀ sórí jáàkì kí ẹ wá fi gíà sí i kó máa yí táyà lófuurufú: tó bá já bọ́, kò ní sí ẹni tó lè dá a dúró.

Plọ́ọ̀gì

Plọ́ọ̀gì eré ìje máa ń jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní tútù, tó ń tètè lé ooru kúrò lára rẹ̀, nítorí ooru tó pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Tí ẹ bá fi mú ẹ́ńjìnnì gbóná, kò ní lè jó ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, á dúdú, ẹ́ńjìnnì á sì máa já. Tí ti yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi plọ́ọ̀gì tó gbóná jù ú lọ mú un gbóná, kí ẹ wá pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó sáré. Ẹ ṣọ́ra níbi nọ́ńbà. Lára NGK, nọ́ńbà tó tóbi jù ni plọ́ọ̀gì tó tutù jù. Lára Bosch, òdì rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe yìí, tó fi plọ́ọ̀gì gbígbóná sáré, lè jó orí pístìn.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè

Tirẹ̀ yàtọ̀. Tí kámù rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tẹ́jú tí kò ní rólà, ẹ má jẹ́ kó wà lórí sílò rárá ní àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan án. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí agbára ọ́ìlì bá gòkè, ẹ gbé e lọ sí 2,000 sí 2,500 RPM, kí ẹ sì dì í mú síbẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Kámù àti tápẹ́ẹ̀tì ń bá ara wọn mu ní àkókò yìí. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí sílò, orí kámù á jẹ, ẹ ó sì tún un dè.

Lẹ́yìn eré, àti láàárín eré kan sí èkejì

Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì bí ẹ bá ṣe ń dé. Pọ́ọ̀ǹpù omi á dúró nígbà tí irin ṣì kún fún ooru, omi tó wà nínú héèdì á sì hó. Ẹ yí pápá po lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́, kí ẹ wá jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Tó bá ní tọ́bò, èyí ṣe pàtàkì jù, torí ọ́ìlì tó dúró sínú tọ́bò gbígbóná máa ń jó, á di èédú, á sì dí ihò ọ́ìlì. Tí eré tó kàn bá jìnnà tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ tún wo gáàjì ooru ọ́ìlì. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 70°C, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kejì.

Àwọn àmì tó yẹ kí ẹ mọ̀

Ní ooru iṣẹ́, agbára ọ́ìlì yẹ kó tó nǹkan bí 10 psi fún 1,000 RPM kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí 40 psi lórí 7,000 nígbà tó gbóná, ẹ pa á: ọ́ìlì kò tó, tàbí ó ti ṣàn jù nítorí epo pẹtiróòlù, tàbí bẹ́ríǹgì ti jẹ. Tí ọ̀pá ìwọn bá fi hàn pé ọ́ìlì ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnì kankan dà á kún, tó sì ń rùn bíi pẹtiróòlù, epo ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà àti fílítà rẹ̀, kí ẹ wá wo ínjẹ́kítọ̀ àti sẹ́nsọ̀ omi tó ń bá bírénì-bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Sẹ́nsọ̀ tó bá kú lè máa sọ pé ẹ́ńjìnnì tutù títí, bírénì-bọ́ọ̀sì á sì máa da epo sí i. Èéfín dúdú lẹ́yìn tí omi ti kọjá 70°C ni àmì rẹ̀.

Fófòó funfun lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì sábà máa ń fi hàn pé wọ́n ń tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń pa á, láìjẹ́ kó gbóná tó láti lé omi inú rẹ̀ jáde. Tó bá lọ lẹ́yìn tí ọ́ìlì ti wà lókè 90°C fún ìgbà díẹ̀, ó ti parí. Tí kò bá lọ, tí omi rẹdiétọ̀ sì ń dínkù, gásíkẹ́ẹ̀tì héèdì ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó tún tan án.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣe é, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé tó ń gbé inú ọkọ̀: ojú ọjọ́, ìṣẹ́jú tí ọ́ìlì fi dé 60°C, ìṣẹ́jú tó fi dé 80°C, àti agbára ọ́ìlì lórí 2,500 RPM nígbà tó gbóná. Tí èyí tó gbẹ̀yìn yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láti ìgbà kan sí èkejì, tí ọ́ìlì kan náà ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ tú sọ́m̀pù kí ẹ wo bẹ́ríǹgì kí eré tó kàn tó dé.